Ọ̀nà Kẹtàlá

Ọyẹ́ ń jà lọ́jọ́ tí Ìyá Ọláṣeéní gbé láàpútọ́ọ̀pù náà wá,
ó fi ìborùn dì í bí ọmọ ọwọ́.
Ó ní, "Múyìwá, ojú ń dun ẹ̀rọ yìí.
Ó rí Wáífáì télọ̀ tó wà lódìkejì títì,
ó rí ti ilé oògùn, ó rí ti Pásítọ̀ pàápàá;
tiwa tó wà ní pálọ̀, lábẹ́ fọ́tò bàbá wọn,
kò rí i.
Àbí wọ́n fi ṣe é ni?"

Mo ṣí i. Iná lọ. Mo dúró. Iná dé.
Mo bi í ní ohun tí à ń bi àlejò:
ilẹ̀ wo lo rò pé o wà?
Ó fi lẹ́tà méjì dá mi lóhùn, kò kólòlò:
CA.
Kánádà! Ní ìgboro Àkúrẹ́,
pẹ̀lú eruku lójú,
pẹ̀lú òórùn epo àkàrà tó ń gba fèrèsé wọlé.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti ré òkun kọjá.
Òfin tó bá a láti ibi tó ti wá ló ń pa mọ́:
lọ́hùn-ún, ọ̀nà mọ́kànlá ni wọ́n là sílẹ̀ fún irú rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́,
tiwa jẹ́ mẹ́tàlá.
Orí ìkẹtàlá gan-an ni àpótí pálọ̀ jókòó sí
tó ń pè é,
tó ń pè é.
Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe afọ́jú.
Ìgbọràn ló ń ṣe é.

Mo ní àwọn kan gbọ́n jù báyìí lọ, ìyá:
bí wọ́n bá ti wọ ìlú, ohùn aládùúgbò ni wọ́n ń gbọ́,
wọ́n á mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á gẹ fìlà bí onílé ṣe ń gẹ̀ ẹ́.
Àwọn kan ò sì nílẹ̀ rárá.
Òdo méjì ni wọ́n kọ síwájú wọn,
wọn ò sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ lanu ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà
àfi bí ẹlòmíràn bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ náà wá ní ààlà?"

Ó ní. Àwọn ọ̀nà kan wà tó jẹ́ ti rádà tó ń ṣọ́ ìjì.
Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́
fún odidi ìṣẹ́jú kan, á tẹ́tí;
bó bá gbúròó rádà, á káńgárá rẹ̀, á yà fún un.

"Odidi ìṣẹ́jú kan! Láìsọ̀rọ̀!"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Wọn ò bí i ní Àkúrẹ́ nìyẹn.
Àwa tá a gbé idà sílẹ̀, tá a ń fi ẹnu jagun?"

Mo ní kò le. Màá pa CA rẹ́, màá kọ NG.
Ọwọ́ rẹ̀ sáré bo bọ́tìnnì.
"Lẹ́tà tó wà níbẹ̀ yẹn,
ṣé ọmọ mi ló kọ ọ́?"

Mi ò sọ fún un pé ilé iṣẹ́ ni.

Nírọ̀lẹ́ mo bá a dé Òkè-Àró.
Àpótí pálọ̀ ni mo bá sọ̀rọ̀:
mo gbé e kúrò lórí ìkẹtàlá tó dá nìkan wà,
mo tì í sórí ìkẹfà, sáàárín èrò,
níbi tí télọ̀ àti ilé oògùn ti ń fa aṣọ mọ́ra wọn lọ́wọ́.
Onílé ló sún fún àlejò.

Ojú Ọláṣeéní dé ní wẹ́wẹ́,
iwájú orí, lẹ́yìn náà eyín,
yìnyín ń já wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀.
Ìyá rẹ̀ bi í, kò tilẹ̀ kí i:
"Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?"

Ọmọ náà dákẹ́.
Mo fẹ́ sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.
Ìyá na ìka sí mi, kò gbójú kúrò lára rẹ̀:
"Fi í sílẹ̀. Ó ń tẹ́tí ni."

Mo wo aago ara ògiri.
Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé.